Rúlà àti Hóró Oògùn Aago Méje Àárọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Rúlà gbé oògùn mì níbi tí kò yẹ kó ti gbé e mì. Ibì kan náà ni, ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí ní ọsibítù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi kan tó ń jò, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀. Kò jí oògùn náà. Dókítà ló kọ ọ́ fún un, orúkọ rẹ̀ ló wà lára páálí, ó sì ti ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ láti bí ọdún mẹ́fà. Aago nìkan ni kò yẹ. Ká ní ó lè mú sùúrù fún wákàtí méjì àtààbọ̀ sí i ni, kò sẹ́ni tí ì bá bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n inú wákàtí méjì àtààbọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Pátákó ilé ìwé, pátákó ilé oògùn, ara ọkọ̀ ńlá, ara ilẹ̀kùn agbẹjọ́rò, gbogbo ẹ̀ ló ti kọ. Rúlà kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un, lọ́jọ́ tó fi búrọ́ṣì fa ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri kan dé òpin rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún, láìta okùn, láìfi pẹ́ńsù sàmì. Ọ̀gá gbé rúlà lé ìlà náà, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Rúlà yìí gan-an ló yẹ kó wá máa fi ọ́ wọn ara ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lára. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ pátákó tó dùn mọ́ ọn nínú, á kọ "Rúlà" wínníwínní sí igun ìsàlẹ̀, á fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá dùn mọ́ ọn, kò ní fọwọ́ sí i.

Lẹ́tà O ló tú àṣírí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé lẹ́tà tó dúró ṣánṣán ló nira, irọ́ ni. Ìlà tó dúró, èèyàn lè fi ọ̀pá gbé ọwọ́ ró. O kò ní ibi ìsinmi. Bí ọwọ́ bá ti gbéra, ó gbọ́dọ̀ rìn yípo kó sì padà délé láìkọsẹ̀. Ó ń kọ pátákó fún alágbàfọ̀ kan ní ọdún keje sẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ kọsẹ̀ nínú O. Ó nù ún kúrò, ó tún un kọ. Ó tún kọsẹ̀. Alágbàfọ̀ náà wá dúró sábẹ́ àkàsọ̀, ó fi ọwọ́ nu òógùn ojú.

"Bàbá Rúlà, ṣé O rèé ni, àbí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Rúlà náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní búrọ́ṣì náà ti gbó, òun á padà wá lọ́la. Kò padà lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di ará inú àpò ṣòkòtò.

Nígbà tí wọ́n sọ orúkọ àrùn náà fún un ní ọsibítù, Pákínsìn, àrùn tó ń mú ara gbọ̀n, kò bi wọ́n bóyá ó ń pani. Ohun tó bi wọ́n ni pé, "Ṣé àwọn èèyàn á máa rí i?"

* * *

Dókítà tó mú un wọ inú ìwádìí oògùn tuntun kan jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó máa ń yára rìn bí ẹni tó gbé omi ka iná. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé.

"Bàbá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́. Tiyín ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Oògùn oníhóró tí ẹ ń lò ń bá àwọn tó kù gbé ẹrù ni. Kò dá ikú wọn dúró."

"Èwo ló wá ń dá a dúró?"

"A ò tíì rí i. Òun là ń wá."

Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, àwọn tí kò tíì yan iṣẹ́, tó lè di irú èyíkéyìí lára. Wọ́n ń tọ́jú wọn sínú abọ́ gíláàsì, bí wọ́n sì ṣe ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń tú àwọn àpò kéékèèké jáde lára, tó kéré débi pé bí èèyàn bá to ẹgbẹ̀rún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. Ẹ̀kísósóòmù ni wọ́n ń pe àwọn àpò náà. Inú wọn ni sẹ́ẹ̀lì ń di iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn sí: bí wọ́n ṣe ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, bí wọ́n ṣe ń mú kí ibi tó gbóná rọlẹ̀.

"Bíi lẹ́tà nínú àpòòwé," ni Rúlà wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

"Ta ló wá ń kọ àdírẹ́sì sí i lára?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìbéèrè tí kì í jẹ́ ká sùn nìyẹn."

Imú ni wọ́n á máa kán an sí, nítorí ọ̀nà imú sún mọ́ ọpọlọ. Ogójì èèyàn ló wà nínú ìwádìí náà. Ogún á gba ojúlówó, ogún á gba omi iyọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó kan òun. Dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni ìwé orúkọ wà, wọ́n ti tì í pa títí di ọjọ́ ìparí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pe oníkálukú. Rúlà ni nọ́ńbà kẹrìnlá.

Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀. Oṣooṣù ni ìdánwò, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lo oògùn oníhóró rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá parí tán, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nọ́ọ̀sì á fún un níbẹ̀ pẹ̀lú ife omi.

"Oògùn yẹn máa ń wọ ọwọ́ láṣọ," ni Dókítà wí. "Ọwọ́ ìhòòhò la fẹ́ rí."

Rúlà fọwọ́ síwèé. Ó fi ọwọ́ òsì ti ọwọ́ ọ̀tún kó tó lè kọ ọ́.

* * *

Ìdánwò àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kán ohunkóhun sí i nímú, ó pa òfin mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a de bọ́tìnnì, òun náà ló bá a wọ bàtà. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ awò ojú, tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé bébà funfun síwájú rẹ̀.

"Ẹ fa ìkarahun ìgbín fún mi, sà. Láti inú bọ̀ síta. Ẹ má fi ọwọ́ ti tábìlì."

Ó fà á. Ohun tó jáde dà bíi wáyà tí mọ́tò gun kọjá. Nọ́ọ̀sì kọ àkókò àti ọjọ́ sí i, ó wá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ẹ má bínú, sà, mo ti ń wò yín láti ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Rúlà? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ABD sára ògiri ilé ìwé wa? Tíṣà wa máa ń ní ká fi ìka tọ A yẹn ká tó kọ tiwa. Títí di òní, bí mo bá ń kọ A, tiyín ni mò ń kọ!"

Bébà náà wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì. Rúlà wò ó. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ṣe ni ì bá bẹ́ sínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí.

"Háà, ẹ jọra o! Ẹ bá mi kí wọn."

"Wọ́n á gbọ́."

Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́lé, tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, ló sẹ́ ara rẹ̀ báyìí nítorí bébà kan. Nígbà tó délé, kò jẹun. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìdánwò náà ló mú kó rẹ̀ ẹ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ yà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òní nìkan ni, kí nọ́ọ̀sì yẹn má baà tún rí wáyà. Oògùn náà ti ràn kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ìgbín tó fà lọ́jọ́ náà ní ọrùn, ó ní ìdí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, sà!" Ara Rúlà yá gágá. Wọ́n kán tirẹ̀ sí i nímú, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ sílé.

Ẹni tó bá mọ oníṣẹ́ ọwọ́ á mọ̀ pé kò lè dúró síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbín dánra wò nílé, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ó mọ ibi tó yẹ kí èémí ti dúró, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọńdinrín gbé ọwọ́ ró láìjẹ́ kí ẹlòmíì rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ìyàwó rẹ̀ gbá ilé débẹ̀, ó ṣa bébà mẹ́tàdínlógún.

"Bàbá Rúlà, ìgbín wo lẹ ń sìn nínú ilé yìí?"

"Ti ọsibítù ni."

"Ṣé ìdánwò ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe fún yín ni, àbí wọ́n fẹ́ gbà yín síṣẹ́ níbẹ̀?"

Ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìdánwò kẹta, ìyẹn ìgbà kejì tó fi yà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ìgbín náà yọ̀ bí ìgbín gidi. Nọ́ọ̀sì gbé bébà náà sí ojú fèrèsé, ó ń wò ó. Rúlà wẹ ọ̀fun mọ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ ní ìjọ́sí," ló wí, "èmi náà ni. Èmi ni Rúlà."

Nọ́ọ̀sì pariwo, ó sì kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ ò rí i bí ìtìjú ṣe máa ń ṣe ọ̀rọ̀: ó jẹ́ kí ó sẹ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ òtítọ́, ó sì jẹ́ kí ó gba orúkọ náà padà nígbà tí ọwọ́ ń parọ́.

* * *

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ńbà kẹsàn-án ni. Aránṣọ ni, ogójì ọdún ló fi lo ẹ̀rọ, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ìyá Aránṣọ. Ara tirẹ̀ kì í gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń le gan-an bíi pákó. Bí kò bá lo oògùn láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin àti awakọ̀ takisí ló máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan dì í mú lápá, èkejì ń bá a gbé ẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò le.

"Rúlà, ẹ̀yin ni wọ́n ń fún ní ojúlówó," ló sọ lóṣù kẹrin. "Iyọ̀ ni wọ́n ń kán sí èmi nímú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi orí mi se ọbẹ̀ ni."

"Ta ló mọ̀? Ó lè jẹ́ tiyín ló ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Kó tètè máa bọ̀ o. Oníbàárà mi kan ti ń dúró de bùbá ẹ̀ láti ọdún méjì. Ọmọ tó fẹ́ tìtorí ìkómọ ẹ̀ wọ̀ ọ́ ti ń rìn báyìí."

Rúlà rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn kó jókòó tì í. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń ní kó na ọwọ́ rẹ̀ kóun wò ó, táá sì máa mirí bí ẹni tó ń wo aṣọ tó dáa.

Ní oṣù karùn-ún, ó ti gbé tirẹ̀ mì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, omi ẹ̀rọ kò tíì gbẹ lágbọ̀n rẹ̀, nígbà tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó rí Ìyá Aránṣọ. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti wú. Wọ́n lẹ báńdéèjì mọ́ iwájú orí rẹ̀, láti ibi irun dé ìpéǹpéjú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ilé ìwẹ̀ ni. Aago márùn-ún ìdájí yìí. Mo fẹ́ yípadà, ẹsẹ̀ kọ̀, ni mo bá fi orí gba ògiri." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn aládùúgbò. "Ọmọ mi ní ó ti tó, pé ká lo oògùn ká má wá mọ́. Mo ní kó panu mọ́. Mo ní, ìwọ wo ọwọ́ Rúlà. Ṣé ìwọ náà kò rí ọwọ́ Rúlà ni? Ohun tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, bí kò bá tiẹ̀ kàn mí, á kan àwọn tó ń bọ̀." Ó wò ó pẹ̀lú ojú kan tó là. "Ká sọ òótọ́, bí kì í bá ṣe ti ọwọ́ yín yẹn, ǹ bá ti jókòó sílé láti oṣù kẹta. Ẹ nà án ká wò ó."

Rúlà kò lè nà án. Ó ní ó ń yún òun, ó tì í bọ àpò.

Àwọn tó mọ ìṣirò lè ṣe é báyìí: hóró oògùn mẹ́rin, ìgbín mẹ́ta tí ìkẹrin ń bọ̀ lẹ́yìn, obìnrin kan tí wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan lóṣù nítorí ìgbín náà, àti orí kan tó là. Rúlà ṣe ìṣirò náà lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ibi tó gbé e gbà tí àròpọ̀ rẹ̀ kò já sí ọwọ́ òun.

Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà kẹrìnlá, ó dìde, ó wọlé, ó sì fa ìgbín rẹ̀. Ó dára bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Lẹ́yìn náà ni Dókítà ní kó wá sí ọ́fíìsì òun.

"Bàbá, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ yìí ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ pinnu bóyá ká mú ìwádìí náà tẹ̀síwájú sórí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní nọ́ńbà kẹrìnlá yìí yàtọ̀ sí gbogbo àwọn yòókù, kí ló dé? Ṣé a wọ̀n ọ́n dáadáa?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kán sí yín, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sí wọn pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni ẹni náà, ẹni tó fi ìlà títọ́ jẹun láyé ẹ̀. Mo ní, irú wọn kì í yí ìwọ̀n."

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ni Rúlà wí.

Ohun tó sọ nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó ṣe ní oṣù márààrún, "ẹ ṣeun" yẹn ló máa ń mú kó di orí mú títí di òní.

* * *

Inú agolo bisikíìtì ni ìyàwó rẹ̀ ń kó oògùn náà sí, òun ló sì ń kà á. Kì í ṣe pé kò fọkàn tán an. Bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó da gbogbo rẹ̀ sórí àtẹ, ó ń fi ìka yà á ní méjì-méjì.

"Kò pé."

"Kí ni kò pé?"

"Oògùn. Ó dín mẹ́rin sí bó ṣe yẹ kó kù. Mo rò pé ilé oògùn ló rẹ́ wa jẹ, mo tiẹ̀ ti ń múra láti lọ bá wọn jà." Ó gbójú sókè wò ó. "Mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti lọ ọsibítù láti ìgbà tí mo ti ra páálí ńlá yìí?"

Rúlà ń wo ilẹ̀.

"Bàbá Rúlà, mo bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Ìyàwó rẹ̀ da oògùn padà sínú agolo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. 

"Èmi tí mò ń de bọ́tìnnì yín, tí mò ń bá yín gé ẹran, tí mò ń rí ọwọ́ yẹn ní gbogbo òwúrọ̀, ojú mi kò tì yín. Ojú nọ́ọ̀sì ló tì yín."

"Ó ní A mi lòun fi kọ́ A."

"A náà wá ńkọ́? Ṣé A ń ṣàìsàn ni?" Ó pa ìdérí agolo náà dé. "Mi ò ní bá yín lọ. Mi ò sì ní bá yín sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní ka oògùn yìí mọ́ títí ẹ ó fi lọ tún un ṣe."

Láti ọdún mẹ́fà, kò sí páálí tí kì í kà. Ó gbé agolo náà síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìn ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Rúlà kò fọwọ́ kan agolo náà. Bọ́tìnnì méjì ló lè dè nínú márùn-ún. Ìrìn tó máa ń gbà á ní ogún ìṣẹ́jú láti ibi mọ́tò dé ọsibítù gbà á ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta, ó ń fi ọwọ́ òsì di ògiri mú. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ọkùnrin ẹnu géètì wò ó.

"Bàbá, ẹ ṣì í. Oṣù tó ń bọ̀ ni tiyín."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n gbé àga wá ni?"

"Rárá. Bí mo bá jókòó, màá padà sílé."

Dókítà ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì aláwò ojú ń to fáìlì sí igun yàrá. Rúlà ti múra ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àlàyé pẹ̀lú ìdí mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ wọmi.

"Dókítà, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọwọ́ mi dáa yẹn, mo ti lo oògùn oníhóró kí n tó wọlé."

Gègé dúró. Nọ́ọ̀sì náà dúró.

"Ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mi ò lò ó nígbà yẹn. Ìgbà yẹn lojú tì mí."

"Ìyẹn ni pé ọwọ́ ìhòòhò la fi bẹ̀rẹ̀," ni Dókítà wí, bí ẹni tó ń ka ohun tí kò fẹ́ kà, "ọwọ́ tó wọṣọ la wá ń fi wé e." Ó fi gègé sílẹ̀. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn ń ṣubú nítorí òfin yìí?"

"Mo mọ̀. Mo rí wọn."

"Ẹ rí wọn."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní òun á kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lónìí. Nọ́ńbà kẹrìnlá á jáde kúrò nínú àròpọ̀, ohun tó bá kù á kéré, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n dá ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn yẹn dúró fún ọdún kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkán sí imú ti parí fún un láti òní lọ. Á ṣì máa wá lóṣooṣù, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti kán nǹkan sí nímú, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní sí lára àwọn tí wọ́n ń kà.

"Ó lè jẹ́ ojúlówó ni wọ́n ń fún yín," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé ó tiẹ̀ ti ń ṣe yín lóore díẹ̀. A ò ní mọ̀ ọ́n láé. Ẹ ti fi oògùn kan bo èkejì mọ́lẹ̀."

Rúlà dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ti jáde nínú àpò láìbi í, ó ń gbọ̀n lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára aṣọ.

"Ẹ jẹ́ kí n fa tòní fún yín," ló wí. "Mi ò tíì lo nǹkan kan láti àná."

"Kò wúlò fún mi mọ́, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fà á."

Dókítà wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbé bébà kan sílẹ̀, ó fún un ní pẹ́ńsù. Kò jókòó sẹ́yìn bí ó ṣe máa ń ṣe; ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó ń wo ọwọ́ náà. Rúlà kò di èémí mú. Kò fi ọmọńdinrín gbé nǹkan kan ró. Ìgbín náà bẹ̀rẹ̀ láti inú, ó kọsẹ̀, ó gun ara rẹ̀ lórí, ó já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà, ó padà wá. Ó burú ju ti oṣù àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó dé òpin rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí igun ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń lọ láti ogójì ọdún.

"Nọ́ńbà nìkan ni, sà," ni nọ́ọ̀sì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "A kì í kọ orúkọ síbẹ̀."

Ó kọ 14. Ọ̀kan dúró. Mẹ́rin ṣubú lé e lórí. Nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ àti àkókò sí i, ó sì fi sínú fáìlì pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò sọ ohunkóhun nípa A.

* * *

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka oògùn padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Kò bi í bó ṣe lọ.

Ó ku ẹnì kan tí ìwé Dókítà kò ní sọ fún. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Rúlà dé orí bẹ́ǹṣì ṣáájú. Báńdéèjì ti kúrò níwájú orí Ìyá Aránṣọ, àpá rẹ̀ ló kù. Wọ́n gbé e jókòó, ọmọ rẹ̀ lọ sanwó takisí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọlọ́wọ́ ojúlówó."

"Ìyá Aránṣọ, ọwọ́ yẹn kì í ṣe ojúlówó." Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń ya pílásítà kúrò lára. Ó sọ ti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sọ ti ẹ̀rọ omi, ó sọ iye ìgbà. Ó sọ pé lọ́jọ́ tó rí i pẹ̀lú báńdéèjì, ọ̀kan ti wà nínú ikùn òun.

Obìnrin náà kò wò ó. Ó ń wo ògiri tó wà níwájú wọn, níbi tí wọ́n lẹ ìwé àkọsílẹ̀ kan mọ́, lẹ́tà ẹ̀rọ, kò dára kò burú.

"Ogójì ọdún ni mo fi wọn èèyàn," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ mọ irú oníbàárà tó máa ń bí mi nínú jù? Àwọn ọkùnrin oníkùn. Bí téèpù bá ti kan wọ́n lára, wọ́n á fa ikùn wọlé. Màá ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tú u sílẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti tú u. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọ aṣọ náà jáde, bọ́tìnnì á fò lójú èrò, èmi aránṣọ ni wọ́n á máa bú." Ó mí. "Ẹ fa ikùn wọlé fún wa, Rúlà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi sì ń fi orí gba ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Rúlà kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ó wò ó pé ẹrù mìíràn nìyẹn á tún jẹ́ lọ́rùn obìnrin náà.  Ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá, táyà rẹ̀ kan ń han. Ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì yọrí.

"Nọ́ńbà kẹsàn-án!"

Ọmọ rẹ̀ kò tíì dé. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, kò gbéra. Ó tún tì í.

"Ṣé ẹ ti gbé tòní mì?" ló bi í, láìwojú rẹ̀.

"Rárá."

"Ẹ nà án ká wò ó."

Rúlà na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde, níbẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú nọ́ọ̀sì, lójú àwọn tó ń dúró. Ó ń gbọ̀n bí ewé. Obìnrin náà wò ó láti ìka dé ọrùn ọwọ́, bó ṣe máa ń wo ojú rírán tí kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ náà mú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó sì fi dìde.